Awò Ojú Tí Wọ́n Kó Sórí Pẹpẹ

Ojú àwọn ẹlòmíràn ni mo fi jẹun láti ìgbà ọmọge mi títí tí orúnkún mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Awò ojú ni mo ń ṣe. Ìyá Onígíláàsì ni gbogbo Festac ń pè mí, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún àwọn tó ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo ní, ẹ̀yin tí ẹ ti pinnu pé inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo iṣẹ́ ayé wà, kí lẹ fẹ́ fi tèmi ṣe? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tó jẹ mọ́ iṣẹ́ mi, tó sì jẹ mọ́ àwọn tó ń wàásù fún yín. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ̀kan ni n óò máa sọ èkejì, ẹ sáà fara balẹ̀.

Ìkirè ni bàbá mi ti wá. Awakọ̀ ni, Ìjẹgun-Ẹ̀gbá ló sì kó wa sí nígbà tí ọ̀dà ara àwọn ilé Festac ṣì tuntun. Mo ka ìwé mẹ́wàá tán, agbára kò gbé e mọ́, bàbá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣe awò ojú ní Agbójú, létí títì Ọ̀jọ́ àtijọ́. Owó tó san fún ẹ̀kọ́ mi, àti èyí tí èmi náà rí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Iṣẹ́ náà gbọ́ bùkátà mi, ó parí.

Ṣódípọ̀ ni orúkọ ọ̀gá mi. Kì í pariwo, kì í sì í na ọmọ iṣẹ́. Wíwò ló máa ń wo ènìyàn. Bí ó bá ti yọ awò ojú tirẹ̀, tó nu ún, tó tún fi í sójú láti wò ọ́ dáadáa, kí o ti mọ̀ pé o ti dáràn. Nọ́ọ̀tì tí a fi ń de apá awò mọ́ ara rẹ̀ kò tóbi ju kóró ata lọ. Bí ọ̀kan bá jábọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbálẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹun, títí tí ẹni tó jù ú sílẹ̀ yóò fi rí i. Mo ti fi orúnkún rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù yẹn tí àwọn oníbàárà ń gba orí mi kọjá.

Yanrìn gbígbóná la fi ń rọ férémù nígbà náà. A ó da yanrìn sínú páànù, a ó gbé e ka sítóòfù, a ó wá ti apá awò náà bọ inú rẹ̀ títí yóò fi ṣe é tẹ̀. Bí yanrìn bá gbóná jù, férémù á yọ́. Bí kò bá gbóná tó, á ṣẹ́ sí ọ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ la fi ń dán an wò. Bí ẹ bá pàdé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ìwé ẹ̀rí mi wà níbẹ̀.

Ìyà kan wà tí Ọ̀gá máa ń fi jẹ wá. Bí o bá ṣe awò fún ènìyàn, tí onítọ̀hún padà wá pé ó ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí, Ọ̀gá á gba awò náà, á fi í sí ìwọ lójú, o ó sì wọ̀ ọ́ di ìrọ̀lẹ́. Mo wọ ti tíṣà kan lọ́jọ́ kan. Ilẹ̀ ń gòkè wá bá mi, mo ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó ń gun àkàbà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, àwọn awakọ̀ Agbójú sì ń pariwo pé ọmọbìnrin yìí ti mutí yó láàárọ̀ kùtù. Láti ọjọ́ náà, n kò tún yára gé lẹ́ǹsì fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Èyí tó le jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé a kì í sọ fún ènìyàn pé ó ti ríran. Bíbi la máa ń bi í. Ọjọ́ kan, mo ti lẹ́ǹsì kan bọ férémù ìdánwò tó wà lójú ìyá kan, inú mi dùn, mo ní, "Mà, ẹ ti ríran kedere báyìí." Ọ̀gá pè mí síta. Ó ní, "Ojú rẹ ni àbí ojú rẹ̀?" Mo ní ojú rẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ló wá kàn ọ́ níbẹ̀?" Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ ń gba òwe gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bó gun igi, Ọ̀gá á ní kí wọ́n mú àgbà náà wá jókòó sí iwájú pátákó lẹ́tà òun ná.

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá ni Mọ́jí ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ibẹ̀ la ti di ọ̀rẹ́. Nígbà tí àwa méjèèjì ṣe fíríìdọ̀mù, a gba ṣọ́ọ̀bù tó fara kan ara wọn ní òpópónà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kílóòsì ní Festac, a jọ ń jẹun, a jọ ń jà, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kan tí ọjà kò yá, mo ní kó jókòó kí n wo ojú rẹ̀. Ó ka lẹ́tà dé ìsàlẹ̀ pátákó láìṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọwọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí mo ń mì ín, kò rí i títí tí ọwọ́ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú rẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Mo mú un lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ní gulokóómà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Omi inú ojú ló ń ti ojú láti inú, tó ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Kì í dunni. Ẹ̀gbẹ̀ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jí ìríran kó, onílé kò ní í fura. Èyí tó bá kó lọ, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà. Oògùn wà tí a máa ń kán sójú láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Kì í wo àìsàn náà sàn, ó kàn ń dá a dúró síbi tó dé ni. Wọ́n fún Mọ́jí ní oògùn náà, ó ń kán an, ojú rẹ̀ dúró.

Àkókò yẹn ni Pásítọ̀ Gbénró dé sí ìjọ wa. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Festac la ti ń sìn nígbà náà, orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé la ń jókòó sí, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, àwa sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Òun ló kọ́ wa pé kí á máa ka Bíbélì fúnra wa nínú ilé. Bí òjò bá rọ̀ tí omi kún Ìjẹgun-Ẹ̀gbá, á ká ṣòkòtò sókè, á fi ẹsẹ̀ la omi kọjá láti lọ wo aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ohun tó kọ́ wa nígbà náà ni mo ṣì ń tẹ̀lé dòní.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù lórí ìgbàgbọ́. Ó ní, "Tí ilé yín bá ń jò, ta lẹ máa ń pè? Ẹni tó kọ́ ọ! Ta ló wá dá ojú yín?" Ìjọ ní Ọlọ́run ni. Ó ní, "Kí wá ni dígí ń wá lórí imú ọmọ Ọlọ́run? Gbogbo ohun tí ẹ fi ń ran Ọlọ́run lọ́wọ́, ẹ kó o wá síwájú níbí, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Adarí ẹgbẹ́ akọrin ló ṣíwájú, ó yọ awò rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, orin ń lọ, omijé ń ṣàn. Mo jókòó síbẹ̀, mo mọ gbogbo awò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo fi yanrìn rọ̀ nítorí etí kan ga ju èkejì lọ lára ẹni tó ni ín nìyẹn. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ de apá rẹ̀ nìyí. Ìgbà náà ni mo rí Mọ́jí, ó pọn Dámi ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ìgò oògùn ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sí àárín àwọn awò náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Nígbà tí ìsìn parí, mo lọ bá Pásítọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, awò ojú kò burú. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn, ẹ ní kí wọ́n wá mú un padà. Ojú Mọ́jí máa lọ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ̀rọ̀ sí mi pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Sístà mi, mo mọ̀ pé ọjà yín ni ẹ ń rò. Ọlọ́run á pèsè iṣẹ́ míì fún yín."

Òótọ́ ni pé awò ojú ni mò ń tà. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, ẹnu ọlọ́jà ló ti jáde. Mo lọ bá Mọ́jí fúnra rẹ̀, ó gbá mi mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú o. Tó bá jẹ́ oúnjẹ lèmi ń tà, tí Pásítọ̀ wá ní ká gbààwẹ̀, èmi náà á bínú."

Àwọn tó kó awò sílẹ̀ kò pẹ́ kí wọ́n tó padà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní àbúrò òun kan ní abúlé ń fẹ́ awò, orí àbúrò náà sì tóbi bíi ti òun gẹ́lẹ́, kí n sáà fi ti òun wọ̀n ọ́n. Mo wọ̀n ọ́n, n kò rẹ́rìn-ín títí tó fi jáde. Adarí akọrin ka ẹsẹ orin kejì mọ́ ẹ̀kẹrin níwájú gbogbo ìjọ, ó sì wá bá mi ní ọjọ́ kejì. Ojú wọn ló sọ òótọ́ fún wọn, kíákíá ló sì sọ ọ́.

Ojú Mọ́jí kò sọ nǹkan kan fún un. Ohun tó burú nípa àìsàn náà nìyẹn. Ó jí ní ọjọ́ kejì, ó rí abẹ́rẹ́, ó rí òwú, kò sí ìrora, ó bá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé a ti wo òun sàn. Kí ni n bá wí tí yóò gbọ́? Ọdún ń gorí ọdún, ó ń rán aṣọ, ó ń yọ̀, olè sì wà nínú ilé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀gbẹ́ òsì aṣọ àwọn ènìyàn ní wíwọ́, ó ní àárẹ̀ ni. Nígbà tí ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gbá a lọ́wọ́, ó ní ọlọ́kadà ni kò fọn fèrè. Mo fi ipá mú un lọ sí ọsibítù níkẹyìn. Dókítà ní ojú òsì ti lọ, tọ̀tún sì ti kù bí ihò kọ́kọ́rọ́. Ó padà sórí oògùn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ojú ọ̀tún náà tẹ̀ lé èkejì nígbà tí Dámi wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Pásítọ̀ wá sílé wọn ní Ìjẹgun-Ẹ̀gbá. Ó gbàdúrà, ó gbé oúnjẹ wá, ìjọ sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ tí wọ́n kó awò sórí pẹpẹ. Kò wàásù rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò jáde sọ rí pé kì í ṣe òótọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù náà ṣì wà lórí tábìlì tí wọ́n ti ń tà á lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń rà á.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò fi kúrò ní ìjọ náà. Mọ́jí kò kúrò. Ibi tó bá jókòó sí ni mo ní láti jókòó sí kí n lè mú un lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú bí mi o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bínú, mo ń bínú, mo sì ń ṣe àmín.

Iṣẹ́ wa yí padà láàárín ìgbà náà. Òkúta tí a ń fi omi lọ lẹ́ǹsì lọ, ẹ̀rọ oníná dé. Páànù yanrìn lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná dé. Kọ̀ǹpútà dé tí ènìyàn ń gbé àgbọ̀n lé, á wo inú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí kí ẹ tó mí. Mo bá a jà díẹ̀, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá sọ tirẹ̀ tán, mo ṣì máa ń bi oníbàárà pé, "Èyí ńkọ́?" Awò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ kún orí àtẹ ní ọjà Agbójú, ẹni tó bá ń kọjá á fi ọ̀kan sójú, á sanwó, á máa lọ. Iṣẹ́ kò dára fún wa bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú nípa iṣẹ́ ọwọ́, ẹ mọ̀ pé ẹ ó kọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ẹ tó fẹ̀yìn tì.

Ìjọ náà ti kọ́ ilé ńlá sí Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé Pásítọ̀ ń na Bíbélì jìnnà sí ara rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún nà án sí i. Mo ní lọ́kàn mi, ó ti dé. Kò sí ẹni tí ọjọ́ orí yẹn kì í kàn. Kò pẹ́ tí ó fi wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, ó fa fìlà bo iwájú orí.

"Mama, ẹ bá mi wò ó ná," ló wí.

Mo ní, "Kí ni kí n wò, Pásítọ̀? Ilé yín ló ń jò?"

Ó rántí. Mo rí i pé ó rántí. Ó wolẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí díẹ̀. Mo ṣe awò fún un, èyí tí kò ní férémù yíká, nítorí èyí tí kò ní hàn lójú ló ń fẹ́. Inú ọ́fíìsì nìkan ló ti ń lò ó. Bí ó bá fẹ́ gun orí pẹpẹ, wọ́n á tẹ ìwàásù rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà sórí bébà fún un, nígbà tó sì yá, orí tábúlẹ́ẹ̀tì.

Mo ti fa ṣọ́ọ̀bù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ Dámi dé. Ọmọ tí Mọ́jí pọ̀n lọ sí pẹpẹ ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ó ń sáré nínú ìjọ ju gbogbo wa lọ. Gulokóómà máa ń rìn nínú ẹbí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi lọ ṣàyẹ̀wò. Àìsàn náà ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kó nǹkan kan lọ. Wọ́n fún un ní oògùn ojú. Ó rà á, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀ láìtú páálí rẹ̀.

Mo lọ bá a nílé. Mo ní, "Dámi, o ò tíì kán oògùn yìí?"

Ó ní, "Mọ́mì, mo ti gbà á sí àdúrà." Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀. "Ta ló wá dá ojú yín?" Ẹnìkan ti yọ ìwàásù àtijọ́ náà kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ti dé orí fóònù àwọn ọmọ tí kò tíì dáyé nígbà náà.

Mo ní, "Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ń lo awò ojú báyìí. Èmi ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Gbogbo wa la mọ̀. Ó ti rẹ Pásítọ̀ ni. Nígbà yẹn, wọn ò ní mọ́tò, wọn ò ní ilé, wọn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, fáyà wà lẹ́nu wọn. Ní báyìí, báláǹsì ni wọ́n ń ṣe, wọn ò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi, Pásítọ̀ ìgbà yẹn ni mo gbà gbọ́."

"Màmá rẹ ńkọ́?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì mi ṣiyèméjì ni. Wọ́n padà lọ sí ọsibítù."

Mọ́jí wà ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Ó gbọ́. Mo rí bí ó ṣe gbé ọwọ́ lé ẹnu. Inú mi bàjẹ́ ju ọjọ́ pẹpẹ lọ.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé oníwàásù tó kéré lọ́jọ́ orí ni kò yẹ kí á gbà gbọ́, pé bó bá dàgbà, ọ̀rọ̀ á tọ́. Ó ti dàgbà báyìí, ọ̀rọ̀ ti tọ́, àwọn ọmọ sì ní ti ìgbà èwe rẹ̀ làwọn ń fẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú Dámi sì ni yóò fọ́ báyìí.

Mo lọ bá Pásítọ̀ ní ọ́fíìsì. Mo ní, "Ohùn yín ló ń fọ́ ọmọ yẹn lójú. Tèmi kò lè pa á lẹ́nu mọ́, wọ́n á ní ọjà ni mò ń tà."

Ó ní, "Mama, tí mo bá gun pẹpẹ, tí mo ní mo ṣì wọ́n kọ́ lórí èyí, wọ́n á bi mí pé èwo ni mo tún ṣì kọ́. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́?"

Mo ní, "Awò tí mo ṣe fún yín lákọ̀ọ́kọ́, ǹjẹ́ ẹ ṣì lè fi kàwé lónìí? Ojú ti kúrò níbẹ̀. Ṣé irọ́ ni mo pa fún yín nígbà náà?"

Mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ó mi orí. Ó ní, "Rárá, Mama. Tiyín bá ojú mi mu lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Tèmi kò bá ojú ẹnikẹ́ni mu láti ọjọ́ àkọ́kọ́." Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Mọ́jí wà ní pálọ̀, Dámi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ síwájú Mọ́jí pẹ̀lú aṣọ ńlá rẹ̀.

"Ìyá Dámi, èmi Gbénró ni."

"Mo mọ ohùn yín, Pásítọ̀."

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gbé oògùn yín wá. Ọlọ́run kọ́ ló rán mi. Èmi ni."

Mọ́jí yí ojú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn."

Dámi ti dìde. "Sà, ẹ má bínú. Èwo wá ni ká gbà gbọ́? Ìgbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ ní Ọlọ́run ló ń sọ̀rọ̀. Ní báyìí, ẹ ní ẹ̀yin ni. Tẹ́ ẹ bá wá di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ṣé ẹ ò ní tún yí eléyìí náà padà?"

"Mo lè yí àwọn kan padà," Pásítọ̀ wí. "N kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, n kò tíì jókòó ti aláìsàn mọ́jú rí, n kò tíì sin ẹnikẹ́ni. Ojú mi ń ríran kedere, mo sì rò pé ìgbàgbọ́ ni."

"Ìyẹn ò dá mi lóhùn, sà."

Kò dá a lóhùn lóòótọ́. Mọ́jí ló na ọwọ́.

"Dámi, wá síbí. Kí lo wọ̀ lónìí?"

Ọmọ náà wò ó. "Mọ́mì, kì í ṣe ìsinsìnyí."

"Kí lo wọ̀?"

"Búlúù. Búlúù tó ní òdòdó funfun lára."

Láti ìgbà tí ojú Mọ́jí ti lọ ló ti máa ń béèrè bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Aránṣọ ni, kò lè gbé ilé láìmọ àwọ̀ aṣọ tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà ló máa ń sọ ọ́ fún un, ti ara rẹ̀, ti ìyá rẹ̀, ti àlejò.

Mọ́jí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Tí tìẹ náà bá lọ, ta ló máa sọ fún wa?"

Dámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sunkún tó dunni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní kó dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó tú páálí oògùn náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tí mo ń lọ nìyí. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì tún ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. N kò ní kí ẹ kọ etí dídi sí oníwàásù nítorí pé kò tíì hu irùngbọ̀n. Pásítọ̀ Gbénró kọ́ wa ní ohun rere nígbà tó wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ẹ gbé nǹkan sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá òun náà ní irú rẹ̀ láti gbé sílẹ̀. Ẹni tí ojú kò dùn rí ló ní kí àwọn tí ojú ń dùn kó awò wá. Bí ẹni tó kọ́ yín bá sì dàgbà, tó ní òun ṣì yín kọ́, ẹ má sọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó nira fún un láti sọ ọ́ ju bí ó ti nira fún yín láti gbọ́ ọ lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Pásítọ̀ wá bá mi nílé. Ó ní kí n bá òun ṣe awò mìíràn, èyí tí ẹni tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá yóò rí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe tèmi mọ́, mo lé gbogbo wọn kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Òun ni mo ṣe kẹ́yìn.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ohun tó sọ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, pé òun ṣì wá kọ́, ẹ ti ń fi í ránṣẹ́ síra yín lórí fóònù bí ẹ ṣe ń fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹ mọ àwọn tó dìde tí wọ́n bá tiwọn lọ, tí wọn kò tíì padà. Ẹ mọ àwọn tó lọ gba oògùn wọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu rárá, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ awò náà, ó fi í sójú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ kí a wò ó. Ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́.

Mọ́jí jókòó sí àárín èmi àti Dámi. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Kí ló dé tí gbogbo èèyàn dákẹ́?"

Dámi tẹ̀ sí etí rẹ̀. "Pásítọ̀ ti wọ gíláàsì, Mọ́mì."

"Àwọ̀ wo ni?"

"Dúdú, Mọ́mì," ọmọ náà wí. "Dúdú tó ń dán."